Òkun Kékeré Nínú Ilé: Bí Wọ́n Ṣe Ń Dá Táńkì Iyùn Sílẹ̀ fún Ìgbà Àkọ́kọ́

Táńkì iyùn ni àpótí onígíláàsì tí wọ́n rọ omi oníyọ̀ sí, tí ẹja, edé, ìgbín òkun àti iyùn alààyè jọ ń gbé inú rẹ̀ láàárín òkúta àti iyanrìn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń gbé pọ̀ nínú òkun ilẹ̀ olóoru. Iyùn tí gbogbo Yorùbá mọ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí ọba àti ìjòyè ń wọ̀ sọ́rùn. Ara ẹran omi ni irú ìlẹ̀kẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti wá. Egungun ẹ̀dá kékeré kan tó ń gbé nínú òkun Mẹditaréníà ni, àwọn oníṣòwò Pọtogí sì wà lára àwọn tó kó o dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Iyùn inú táńkì jẹ́ ìbátan èyí tí wọ́n fi ń sin ìlẹ̀kẹ̀, àmọ́ òun ṣì wà láàyè. Ó ń jẹun, ó ń dàgbà, ó ń bí sí i, ó sì lè kú.

Ohun tó jọ òdòdó lójú ẹni tó ń wo iyùn, àkójọ ẹran kéékèèké ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹnu kan ṣoṣo, pẹ̀lú ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ẹnu náà ká, èyí tó fi ń mú oúnjẹ nínú omi. Nínú ara ọ̀pọ̀ lára wọn ni ewé omi tín-tìn-tín kan ń gbé, tí ojú lásán kò lè rí. Ewé yìí ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, ó sì ń fún iyùn ní èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Iyùn ní tirẹ̀ ń fún ewé náà ní ibùgbé, ìdọ̀tí ara rẹ̀ sì ń di ajílẹ̀ fún un. Àwọn iyùn olókùúta tún ń fa kálísíọ́mù nínú omi, wọ́n ń fi í kọ́ egungun sábẹ́ ara wọn. Egungun yìí, tí ìran kan ń kọ́ lé orí ti ìran mìíràn, ló ń di òkìtì iyùn. Èyí tó tóbi jù láyé, ní etíkun Ọsirélíà, gùn ju 2,000 kìlómítà lọ. Gbogbo òkìtì iyùn ayé pa pọ̀ kò gba ìdá kan nínú 100 ìsàlẹ̀ òkun, bẹ́ẹ̀ sì ni nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin irú àwọn ẹ̀dá òkun ló ń fi ibẹ̀ ṣe ilé nígbà kan tàbí òmíràn nínú ayé wọn.

Irú òkìtì ńlá bẹ́ẹ̀ kò sí ní etíkun Nàìjíríà. Odò Ọya àti àwọn odò mìíràn ń tú omi aláìníyọ̀ àti ẹrẹ̀ púpọ̀ sínú òkun níbẹ̀, iyùn kò sì fẹ́ omi rúrú, kò fẹ́ omi tí iyọ̀ rẹ̀ já. Lápá etíkun Gánà, omi tútù tún máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun lásìkò kan lọ́dún, iyùn kò sì fẹ́ òtútù. Ní àwọn erékùṣù bíi São Tomé àti Cape Verde, tí omi ti mọ́, iyùn ń hù lára àpáta, bí kò tilẹ̀ kọ́ òkìtì ńlá.

Ìlú Òsì ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Èkìtì àti Ìlọ́ffà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Kwárà, jìnnà sí òkun ju 200 kìlómítà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ dá táńkì iyùn sílẹ̀ ní irú ilẹ̀ òkè bẹ́ẹ̀ kò lè máa bu omi òkun wálé. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi po òkun. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ náà fi jẹ́ iṣẹ́ omi kó tó jẹ́ iṣẹ́ ẹja. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó tẹ̀lé e yìí, omi ni wọ́n ń ṣọ́, nítorí pé omi tó dára ni ẹja àti iyùn ń jẹ mọ́ oúnjẹ wọn lójoojúmọ́.

Bí ọgbọ́n náà ṣe dé

Ní 1853, ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù ṣí ilé ẹja onígíláàsì àkọ́kọ́ tí aráàlú lè wọ̀ wò. Philip Henry Gosse, onímọ̀ nípa ẹ̀dá òkun, wà lára àwọn tó jẹ́ kó ṣeé ṣe. Òun náà ló tún gbìyànjú láti fi oríṣiríṣi iyọ̀ po omi òkun fún àwọn tí ilé wọn jìnnà sí etíkun. Ẹja gbé nínú irú omi bẹ́ẹ̀, àmọ́ iyùn ń kú lọ́wọ́ àwọn olùtọ́jú fún nǹkan bí 100 ọdún lẹ́yìn náà. Ní 1961, Lee Chin Eng, ará Indonéṣíà, kọ̀wé jáde lórí táńkì tirẹ̀. Òkúta tó gbé láti inú òkun pẹ̀lú àwọn ẹ̀dá tó wà lára rẹ̀ ló kó síbẹ̀, ó fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ rú omi náà, iyùn rẹ̀ sì yè. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé òkúta náà gan-an ń wẹ omi mọ́. Àwọn olùtọ́jú ìlú Berlin ní Jámánì wá fi iná alágbára àti ẹ̀rọ ìfófòó tó ń yọ ìdọ̀tí kúrò nínú omi kún un. Ọ̀nà wọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tọ̀ títí dòní.

Iṣẹ́ náà kò dúró síbẹ̀. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Horniman ní Forest Hill, gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, tí kò jìnnà sí Peckham tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, àwọn onímọ̀ ṣètò láti mú kí iyùn bímọ nínú táńkì. Wọ́n fi iná àti ẹ̀rọ ṣe àfarawé oòrùn, òṣùpá àti ìyípadà ìgbóná omi láàárín ọdún, iyùn sì tú ẹyin sínú táńkì. Ní 2017, wọ́n tẹ ìlànà náà jáde kí àwọn ẹlòmíràn lè lò ó.

Ìwọ̀n táńkì àti ibi tí yóò jókòó

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé táńkì tó kéré jù ló rọrùn jù. Òdìkejì rẹ̀ ló jẹ́ òtítọ́. Omi kékeré tètè gbóná, ó tètè tutù, iyọ̀ rẹ̀ tètè yí padà, ìdọ̀tí ẹja kan ṣoṣo tó kú sì lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ láàárín òru kan. Táńkì tó ń gba 75 sí 150 lítà ló yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tó gùn ní 60 sẹ̀ńtímítà, tó fẹ̀ ní 45, tó sì ga ní 45, ń gba nǹkan bí 120 lítà. Ó kéré tó láti jókòó sí pálọ̀, ó sì tóbi tó láti dárí àṣìṣe díẹ̀ ji olùtọ́jú.

Lítà omi kan wúwo tó kìlógíráàmù kan. Bí wọ́n bá ka gíláàsì, òkúta àti iyanrìn mọ́ ọn, táńkì 120 lítà á wúwo ju 150 kìlógíráàmù lọ. Tábìlì lásán kò lè gbé e. Káfíńtà tó mọṣẹ́ lè fi igi líle kan ìjókòó rẹ̀, bí orí rẹ̀ bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ tí kò dà sí apá kan. Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ló dára kó dúró lé. Wọn kì í gbé e sí ojú fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń wọ̀, nítorí ooru àti ewé omi tí kò ní jẹ́ kí gíláàsì mọ́. Wọn kì í sì gbé e sí yàrá tí wọ́n ti ń fín oògùn ẹ̀fọn. Oògùn tó ń pa ẹ̀fọn àti aáyán ń pa edé àti akàn pẹ̀lú, ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá bọ́ sórí omi sì ti tó. Bákan náà ni ọwọ́ tí ọṣẹ tàbí ìpara wà lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú táńkì.

Omi tí wọ́n fi ń po òkun

Omi kànga àti omi bọhólù ilẹ̀ òkúta ń gbé irin àti oríṣiríṣi nǹkan tó yọ́ sínú rẹ̀ wá. Omi ẹ̀rọ ìjọba lè ní kílórínì. Omi òjò rọ̀, àmọ́ páànù ló ti ń ṣàn wálẹ̀, páànù sì ń bọ́ síǹkì sínú rẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ tún ń fọ eruku ọyẹ́ kúrò lórí òrùlé. Síǹkì àti kọ́pà, bí wọ́n ti wù kí wọ́n kéré tó, májèlé ni fún iyùn, edé àti ìgbín. Píọ̀ wọ́tà kò ṣeé gbára lé, torí pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ omi bọhólù tí wọ́n sẹ́ kó lè ṣeé mu, ohun tó yọ́ sínú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀nà tó dájú ni ẹ̀rọ asẹ́mi onípele mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ìpele àkọ́kọ́ ń gba erùpẹ̀ àti kílórínì, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń dí ọ̀nà mọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn nǹkan tó yọ́, ìpele tó kẹ́yìn sì ń gba ìyókù. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń tẹ̀ bọ omi láti mọ iye ohun tó yọ́ sínú rẹ̀. Bí omi bá ti mọ́ tán, òdo ló yẹ kó kà. Ẹ̀rọ asẹ́mi yìí máa ń da omi kan nù bó ṣe ń ṣiṣẹ́, omi tó dà nù náà sì ṣeé fi fọ aṣọ tàbí bomi rin ewébẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni iyọ̀. Lítà kan omi òkun ní nǹkan bí 35 gíráàmù iyọ̀. Iyọ̀ ìsebẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Lóòótọ́, sódíọ́mù àti kílóráìdì tó wà nínú iyọ̀ ìsebẹ̀ ló kó nǹkan bí ìdá 86 nínú 100 iyọ̀ òkun, àmọ́ ìyókù, tó jẹ́ magnẹ́síọ́mù, kálísíọ́mù, pọtáṣíọ́mù àti àwọn mìíràn, ni iyùn fi ń kọ́ egungun tí ẹja sì fi ń gbé. Iyọ̀ tí wọ́n dìídì pò fún táńkì òkun ni wọ́n ń lò. Táńkì 120 lítà máa ń gbà tó kìlógíráàmù mẹ́rin tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò gbé ọṣẹ tàbí kẹ́míkà rí ni wọ́n ti ń pò ó. Omi ni wọ́n ń kọ́kọ́ rọ, wọn a gbé pọ́ǹpù kékeré sí i kó máa rú u, wọn a wá máa da iyọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Wọn a jẹ́ kó rú títí di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó lò ó. Ẹ̀rọ ìwọ̀n iyọ̀ tí wọ́n ń kán omi sí lójú ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò: 35 ni ó yẹ kó kà nínú 1,000, tàbí nǹkan bí 1.025 sí 1.026 lórí ìlà tó ń fi í wé omi aláìníyọ̀. Wọn kì í da iyọ̀ gbẹrẹfu sínú táńkì tí ẹ̀dá ti wà.

Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ akọ́ṣẹ́ lójú ni bí omi ṣe ń fà. Bí ọbẹ̀ tó pẹ́ lórí iná ṣe ń níyọ̀ sí i nígbà tí omi rẹ̀ bá ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni táńkì rí. Omi nìkan ló ń lọ sínú afẹ́fẹ́, iyọ̀ ń jókòó síbẹ̀. Nítorí náà, omi tútù tí wọ́n sẹ́, tí kò ní iyọ̀ rárá, ni wọ́n fi ń dí èyí tó fà, wọ́n sì ń ṣe é lójoojúmọ́. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, omi ń yára fà ju ti ìgbà òjò lọ.

Òkúta àti iyanrìn

Òkúta ni ọkàn táńkì iyùn. Ihò wẹẹrẹwẹ tó kún inú rẹ̀ ni ilé bakitéríà tó ń wẹ omi. Òkúta ilẹ̀ Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ le gan-an, kò ní ihò, òmíràn nínú rẹ̀ sì lè gbé irin tàbí nǹkan mìíràn sínú omi. Òkúta òkìtì iyùn àtijọ́ tó ti gbẹ, tàbí èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe fún iṣẹ́ yìí, ló yẹ. Kìlógíráàmù 12 sí 15 tó fún táńkì 120 lítà. Èyí tó gbẹ kì í gbé kòkòrò aṣèpalára wọlé, ó kàn ń pẹ́ kí ẹ̀mí tó wọ̀ ọ́ ni.

Orí gíláàsì gan-an ni wọ́n ń gbé òkúta lé, kí wọ́n tó da iyanrìn yí i ká. Bí wọ́n bá gbé e sórí iyanrìn, ẹja tó ń walẹ̀ lè gbẹ́ ìdí rẹ̀, òkúta á sì wó lu gíláàsì. Wọn a tò ó kí àlàfo wà láàárín rẹ̀, kí omi lè gba ibẹ̀ kọjá, kí ẹja sì rí ibi sá sí. Iyanrìn odò kò dára tó, nítorí pé oògùn oko lè wà nínú rẹ̀. Iyanrìn funfun tó wá láti ara ìkarahun àti iyùn ni wọ́n ń lò, ní ìnípọn sẹ̀ńtímítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ẹ̀rọ àti iná

Nínú òkun, omi kì í dúró lójú kan. Ìgbì ló ń gbé oúnjẹ àti ọ́síjìn wá fún iyùn tí kò lè rìn, òun náà ló ń gbé ìdọ̀tí rẹ̀ lọ. Nínú táńkì, pọ́ǹpù ló ń ṣe iṣẹ́ ìgbì. Fún iyùn rírọ̀, omi táńkì yẹ kó yí po ní ìgbà 10 sí 20 láàárín wákàtí kan. Fún 120 lítà, èyí já sí 1,200 sí 2,400 lítà ní wákàtí kan, pọ́ǹpù kéékèèké méjì tó kọjú síra sì dára ju ẹyọ kan tó lágbára lọ. Ẹ̀rọ ìfófòó ní tirẹ̀ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wẹẹrẹwẹ sínú omi. Ìdọ̀tí á lẹ̀ mọ́ ìfófòó náà, á gùn ún dé inú ife kan lókè, olùtọ́jú á sì dà á nù.

Iná LED tí àwọ̀ búlúù pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ń lò, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ búlúù ló ń wọ inú òkun jìnnà jù, òun ni ewé omi inú iyùn sì mọ̀ lò. Wákàtí mẹ́jọ sí 10 lójúmọ́ ti tó. Ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù lójijì ń jó iyùn, nítorí náà wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, wọ́n sì ń fi kún un lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀.

Ìgbóná omi yẹ kó wà láàárín 24 sí 27 dígírì. Lóru ọyẹ́, omi lè rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, híítà oníwáàtì 100 sì tó fún táńkì 120 lítà. Láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin, ooru ni ìṣòro. Nígbà tí omi bá gbóná jù, iyùn á lé ewé inú rẹ̀ jáde, á funfun, ebi á sì pa á kú bí ooru náà kò bá tètè lọ. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí iyùn inú òkun bí ayé ṣe ń gbóná sí i. Fáànù kékeré tó ń fẹ́ sójú omi lè mú ìgbóná náà wálẹ̀ ní dígírì méjì tàbí mẹ́ta, bí olùtọ́jú bá ń rántí dí omi tó fà.

Iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀ ni ewu tó tóbi jù ní Nàìjíríà. Bí pọ́ǹpù bá dúró, ọ́síjìn inú omi á bẹ̀rẹ̀ sí í tán, láàárín wákàtí díẹ̀ sì ni ẹja á ti máa mí fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ lójú omi. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ tó ń lo bátìrì, tó ń tan ara rẹ̀ nígbà tí iná bá lọ, gbọ́dọ̀ wà nílé kí ẹja àkọ́kọ́ tó dé. Ẹni tó bá ní sólà tàbí ínfátà, pọ́ǹpù ni kó kọ́kọ́ so mọ́ ọn, nítorí pé kì í jẹ iná púpọ̀. Gílóòbù lè dúró di ọjọ́ kejì kí nǹkan kan má ṣe. Iyọ̀ àti iná kò bára mu, torí náà ìlà wáyà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ rọ̀ wálẹ̀ ju ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ kó tó gòkè wọ̀ ọ́, kí omi tó ń kán lára rẹ̀ má bàa wọ inú iná. Olùtọ́jú sì gbọ́dọ̀ pa iná ẹ̀rọ kó tó ki ọwọ́ bọ omi.

Oṣù tí kò sí ẹja

Nígbà tí omi, òkúta àti ẹ̀rọ bá ti jókòó, ọ̀pọ̀ akọ́ṣẹ́ máa ń fẹ́ kó ẹja sí i lọ́jọ́ kejì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ táńkì ti ń bàjẹ́. Ìgbẹ́ ẹja, ìtọ̀ rẹ̀ àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù ń di amóníà, májèlé sì ni amóníà. Àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ ní Kwárà mọ òórùn rẹ̀ dáadáa; òun ló ń jẹ́ kí wọ́n máa pààrọ̀ omi inú adágún wọn. Àrọ̀ lágbára. Ó ní ẹ̀yà ara tó fi ń mí afẹ́fẹ́ lójú omi, omi tó bàjẹ́ kì í sì tètè pa á. Ẹja òkìtì iyùn kò ní irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀, inú omi tó mọ́ gaara ni ìran rẹ̀ ti ń gbé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Bakitéríà ni ojútùú rẹ̀. Irú kan ń jẹ amóníà, ó ń sọ ọ́ di náítíráìtì tó ṣì jẹ́ májèlé. Irú kejì ń jẹ náítíráìtì, ó ń sọ ọ́ di náítíréètì tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ihò òkúta, níbi tí ọ́síjìn kò ti dé, irú kẹta ń sọ náítíréètì di afẹ́fẹ́ tó ń kúrò nínú omi. Àwọn bakitéríà wọ̀nyí kì í pọ̀ lọ́jọ́ kan. Olùtọ́jú á da amóníà díẹ̀ tàbí oúnjẹ ẹja díẹ̀ sínú omi tí kò sí ẹja, á sì máa fi ohun èlò àyẹ̀wò wo omi náà ní ọjọ́ méjì méjì. Amóníà á gòkè, á wálẹ̀. Náítíráìtì á gòkè, òun náà á wálẹ̀. Náítíréètì á wá fara hàn. Ọjọ́ tí amóníà àti náítíráìtì bá di òdo láàárín wákàtí 24 lẹ́yìn tí wọ́n fún omi ní amóníà ni táńkì tó gba ẹja. Ó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, òkúta gbígbẹ sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kò sí ibi tí òwe náà ti ṣẹ ju inú táńkì yìí lọ.

Lẹ́yìn èyí, ìdọ̀tí aláwọ̀ ilẹ̀ á bo iyanrìn àti gíláàsì, ewé omi tútù á sì tẹ̀lé e. Kò yẹ kí èyí já ẹnikẹ́ni láyà, torí pé gbogbo táńkì tuntun ló ń là á kọjá. Àsìkò yìí ni wọ́n ń kó ìgbín òkun díẹ̀ àti akàn kéékèèké tó ń gbé inú ìkarahun wọlé, kí wọ́n máa jẹ ewé náà. Mẹ́fà tàbí mẹ́jọ tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá pọ̀ ju oúnjẹ lọ, ebi á pa wọ́n.

Ẹja àkọ́kọ́

Táńkì 120 lítà kò yẹ kó gbà ju ẹja kéékèèké mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń wọlé, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta láàárín wọn, kí bakitéríà lè pọ̀ tó iṣẹ́ tuntun. Ẹja olómi ọsàn tó ní ìlà funfun mẹ́ta, èyí tí àwọn olùtọ́jú ń pè ní clownfish, ló dára jù fún akọ́ṣẹ́. Ó lágbára, kò gba àyè, inú táńkì ni wọ́n sì ti ń bí ọ̀pọ̀ rẹ̀ báyìí, nítorí náà rírà rẹ̀ kì í dín ti inú òkun kù. Nínú òkun, ó máa ń gbé láàárín ẹ̀dá olóró kan tó ń jẹ́ anẹ́mónì, àmọ́ kò nílò rẹ̀ nínú táńkì. Anẹ́mónì fẹ́ iná líle àti omi tó ti gbó, bó bá kú, ó lè ba gbogbo omi jẹ́. Ó dára kí ó dúró di ọdún kejì.

Ẹja tuntun lè gbé àìsàn wọlé. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ń yọ bí hóró iyọ̀ funfun lára ẹja. Oògùn kọ́pà ni wọ́n fi ń wò ó, kọ́pà sì ń pa iyùn, edé àti ìgbín, nítorí náà kò gbọdọ̀ wọ táńkì iyùn láé. Ìdí nìyí tí olùtọ́jú fi ń gbé táńkì kékeré mìíràn sílẹ̀, níbi tí ẹja tuntun ti ń dá gbé fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó wọ àárín àwọn yòókù. Omi inú àpò tí ẹja bá bá dé kì í wọ táńkì. Olùtọ́jú á jẹ́ kí àpò náà léfòó lójú omi fún ìṣẹ́jú 20 kí ìgbóná wọn lè dọ́gba, á fi àwọ̀n kó ẹja jáde, á sì da omi àpò nù.

Iyùn tó yẹ kó kọ́kọ́ wọlé

Iyùn àkọ́kọ́ máa ń wọlé nígbà tí iyọ̀, ìgbóná àti náítíréètì ti dúró lójú kan fún oṣù kan ó kéré tán. Iyùn rírọ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, irú èyí tó jọ olú àti èyí tó jọ awọ, àti zoanthid, ìyẹn àkójọ ẹnu wẹẹrẹwẹ aláràbarà. Wọn kò fẹ́ iná líle, wọn kì í sì í kọ́ egungun ńlá. Àwọn iyùn olókùúta ní tiwọn ń béèrè kálísíọ́mù láàárín 400 sí 450 mílígíráàmù nínú lítà kan, iye tó wà nínú omi òkun gan-an, olùtọ́jú sì gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò kó máa fi kún un.

Zoanthid àti àwọn ìbátan rẹ̀ kan ní oró tó lágbára gidigidi nínú ara wọn. Wọn kì í fi ọwọ́ lásán gé wọn, pàápàá bí egbò bá wà lọ́wọ́. Ìbọ̀wọ́ àti awò ojú ni wọ́n ń lò. Òkúta tí wọ́n bá wà lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan omi gbígbóná tàbí iná, nítorí pé oòru rẹ̀ lè dá gbogbo ilé dùbúlẹ̀ àìsàn. Ọmọdé kò sì gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ táńkì.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́

Lójoojúmọ́, olùtọ́jú á wo ìgbóná omi, á dí omi tó fà, á fún ẹja ní ìwọ̀nba oúnjẹ tó lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì, á sì ka iye ẹja tó yọjú. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, á pààrọ̀ ìdá kan nínú 10 omi táńkì, ìyẹn nǹkan bí 10 sí 12 lítà. Omi tuntun náà gbọ́dọ̀ bá ti táńkì dọ́gba ní iyọ̀ àti ìgbóná. Á fọ ife ẹ̀rọ ìfófòó, á ha gíláàsì, á sì yẹ iyọ̀ àti náítíréètì wò. Lóṣooṣù, á tú pọ́ǹpù fọ̀, á sì wò bóyá ẹ̀rọ asẹ́mi ṣì ń ka òdo. Ìwé kékeré tí wọ́n ń kọ àwọn iye wọ̀nyí sí ṣe pàtàkì, torí pé yíyí padà lójijì ń pa iyùn ju iye tó yà díẹ̀ sí ìwọ̀n lọ. Bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, ìwé ni yóò sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

Òfin àti ẹ̀tọ́ òkun

Àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, tí Nàìjíríà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fọwọ́ sí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Gbogbo iyùn olókùúta wà lábẹ́ rẹ̀. Kò léèwọ̀ láti rà wọ́n, àmọ́ ìwé àṣẹ láti orílẹ̀-èdè tó ń tà wọ́n gbọ́dọ̀ bá wọn rìn kọjá ibodè. Ẹni tó bá fẹ́ rà gbọ́dọ̀ bi olùtajà ní ìwé náà, kó sì bi í bóyá inú òkun ni wọ́n ti ṣẹ́ iyùn náà tàbí inú táńkì ni wọ́n ti tọ́ ọ. Èyí tí wọ́n tọ́ nínú táńkì ló dára jù, fún òkun àti fún olùrà, nítorí pé ó ti mọ́ inú gíláàsì lára.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, táńkì tí wọ́n tọ́jú dáadáa á ti gbó. Ewé omi á dín kù, òkúta á ti yí àwọ̀ sí elése àlùkò, iyùn á sì ti pọ̀ sí i ní ìlọ́po. Ìgbà yìí ni olùtọ́jú lè gé ẹ̀ka kan lára iyùn rẹ̀, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta kékeré, kó sì fún ẹlòmíràn tó ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ka náà á di odidi iyùn mìíràn láàárín oṣù díẹ̀. Gbogbo iyùn tó bá ti ọwọ́ olùtọ́jú kan dé ọwọ́ èkejì báyìí lè dín iye tí wọ́n á ṣẹ́ nínú òkun kù.